Samuel Àjàyí Crowther àti Ìjọ tí a Dán Wò Lójú Omi

Ìfáárà

Ẹni tí a bí sí etí òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ kì í bẹ̀rù ọkọ̀. Kí ọmọdé tó mọ ilẹ̀ tẹ̀ dáadáa ni ó ti ń di àjẹ̀ mú. Láti Ugbò dé Máhìn, láti Ayétòrò dé Awóyè, omi ni ọ̀nà ọjà wa, omi ni oko ẹja wa, orí omi kan náà ni ọ̀pọ̀ wa sì ń gbà lọ sí ilé ìjọsìn ní ọjọ́ ìsinmi. Ìdí nìyí tí ìtàn ìgbésí ayé Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther fi yẹ kí ó wọ àwa ará etí omi lára gidigidi. Ọmọ òkè ni Crowther. Nígbà tí ó kọ́kọ́ rí ọ̀sà, ẹ̀rù bà á débi pé kò lè gbé ẹsẹ̀ wọ inú ọkọ̀. Síbẹ̀, ọmọ yìí kan náà ni ó wá di bíṣọ́ọ̀bù agbègbè olómi, tí ó sì rìn lórí odò lọ́pọ̀ ìgbà ní ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ Yorùbá ni ó mọ Crowther gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀-èdè, tí ó sì ṣe aṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Kò sí àní-àní pé iṣẹ́ ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n nínú àpilẹ̀kọ yìí, ọ̀nà mìíràn ni a fẹ́ gbà wo ìgbésí ayé rẹ̀. A fẹ́ wo bí ó ṣe bá inúnibíni pàdé ní ìgbà mẹ́ta: lẹ́ẹ̀kínní ní Abẹ́òkúta, lẹ́ẹ̀kejì ní Bonny, lẹ́ẹ̀kẹta láàrin ẹgbẹ́ tí ó tọ́ òun fúnra rẹ̀ dàgbà.

Nígbà tí a bá dárúkọ inúnibíni sí ìjọ àkọ́kọ́, ilẹ̀ Róòmù ni ọkàn wa máa ń lọ. A máa ń rántí Polycarp, bíṣọ́ọ̀bù Smyrna, arúgbó tí kò sẹ́ Olúwa rẹ̀ títí wọ́n fi pa á. A máa ń rántí Perpetua, ìyá ọlọ́mọ, àti Felicity, ẹrúbìnrin, tí wọ́n jọ kú ní Carthage ní ọdún 203. A sì máa ń rántí àṣẹ tí Késárì Decius pa ní nǹkan bí ọdún 250 pé kí gbogbo ènìyàn rúbọ sí àwọn òrìṣà ìlú. Ohun tí a máa ń gbàgbé ni pé ìjọ àkọ́kọ́ ti ilẹ̀ tiwa náà la irú iná bẹ́ẹ̀ kọjá, àti pé àwọn tí ó là á kọjá kì í ṣe ará ọ̀run. Ẹrú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, obìnrin ọjà ni àwọn mìíràn.

Ìbí rẹ̀ àti ìgbà tí a kó o lẹ́rú

Ní nǹkan bí ọdún 1807 ni a bí Àjàyí ní ìlú Ọ̀ṣoògùn, tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ òde òní. Àfàlà ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, ní àkókò tí ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ń dàrú, ogun kó Ọ̀ṣoògùn. Okùn ni wọ́n fi so ìyá pọ̀ mọ́ ọmọ. Láìpẹ́, wọ́n yà wọ́n nípa, wọ́n sì ń ta Àjàyí láti ọwọ́ ẹnìkan sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ìbànújẹ́ náà pọ̀ débi pé ó gbìyànjú lóru láti fún ara rẹ̀ lọ́rùn pa, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà á láyè láti ṣe é parí.

Nígbà tí ó dé etí ọ̀sà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Kò rí irú omi bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Gbígbé ni wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ tí ó gbé e lọ sí Èkó. Ọmọ Ìlàjẹ tí ó bá kà á lè rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó rántí pé ohun tí omi jẹ́ fún un kọ́ ni ó jẹ́ fún ọmọ yẹn. Omi kò ju ọ̀nà ẹrú lọ lójú Àjàyí.

Ní Èkó, wọ́n tà á fún àwọn olówò ẹrú, wọ́n sì fi í sínú ọkọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Esperanza Felix. Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹrin, ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń jẹ́ Myrmidon gba ọkọ̀ náà lójú òkun, ó sì kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Sierra Leone tí àwọn àgbà wa ń pè ní Sàró. Ibẹ̀ ni Àjàyí ti mọ ìwé. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11, oṣù kejìlá, ọdún 1825, tí ó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Ní ọdún 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay. Lẹ́yìn èyí ó di olùkọ́, ó sì fẹ́ Asano, tí a tún ń pè ní Susan, ọmọbìnrin tí òun náà ti bọ́ nínú oko ẹrú. Ní ọdún 1843 ni wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹgbẹ́ ajíhìnrere tí a mọ̀ sí CMS ni ó rán an padà sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Inúnibíni ní Abẹ́òkúta

Ní oṣù kìíní, ọdún 1845, Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ikú Ṣódẹkẹ́, aṣíwájú àwọn Ẹ̀gbá, àti ogun ojú ọ̀nà dá wọn dúró níbẹ̀ fún ọdún kan àti ààbọ̀ kí wọ́n tó dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1846. Kò pẹ́ tí wọ́n dé ni ohun ìyanu ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 21, oṣù kẹjọ, ọdún náà, Àfàlà tọ ọmọ rẹ̀ wá. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kọjá tí ojú wọn ti kúrò ní ara wọn. Wọ́n dì mọ́ ara wọn, ẹkún kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu wọn. Ní oṣù kejì, ọdún 1848, ìyá yìí wà lára àwọn àkọ́so tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ní Abẹ́òkúta. Hannah ni orúkọ tí wọ́n fún un, nítorí pé orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì ni.

Ayọ̀ náà kò tíì tutù nígbà tí ìjì dé. Ní ọdún 1849, inúnibíni bẹ́ sílẹ̀ sí àwọn onígbàgbọ́ tuntun ní àwọn apá kan nínú ìlú náà. Ó yẹ kí a ṣe àlàyé ohun tí ó fà á, kí a má baà rò pé ìkórìíra lásán ni. Ìlú tí ogun tú ká ni Abẹ́òkúta, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ sì tún kó ara wọn jọ. Ìbọ òrìṣà, àjọṣe ìdílé àti ẹgbẹ́ Ògbóni ni okùn tí ó so wọ́n pọ̀. Ẹni tí ó bá fi òrìṣà sílẹ̀, tí kò sì jẹ́ kí àwọn Ògbóni ṣe ètùtù ìsìnkú fún òun bí ó ti yẹ, ó dà bí ẹni tí ó ń tú okùn ìlú. Àwọn abọrẹ̀ pàdánù ohun tí wọ́n ń jẹ nídìí ẹbọ, àwọn olówò ẹrú sì ń fura sí ìjọ nítorí pé ó lòdì sí òwò wọn.

Wọ́n na àwọn onígbàgbọ́. Wọ́n ti ẹsẹ̀ àwọn kan bọ inú àbà, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ nínú òòrùn àti òjò. Wọ́n kó ẹrù àwọn mìíràn lọ. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ wọn: kí wọ́n padà sí ìdí òrìṣà ilé wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò padà. Crowther àti àwọn òjíṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ láti ọ̀dọ̀ ìjòyè kan sí òmíràn, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n ń ṣàlàyé. Níbẹ̀ ni Crowther ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí ó mú dání títí dé ọjọ́ ikú rẹ̀: pé ẹni tí ó ń ṣe inúnibíni lónìí lè di ọ̀rẹ́ lọ́la, nítorí náà kí a má ṣe fi èébú ti ìlẹ̀kùn tí a ó fẹ́ ṣí.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì rí. Ní ọjọ́ 3, oṣù kẹta, ọdún 1851, ogun Dàhọ̀mì dojú kọ Abẹ́òkúta. Àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n ń nà tẹ́lẹ̀ kò sá. Wọ́n dúró lórí odi pẹ̀lú àwọn ará ìlú wọn, ìlú sì ṣẹ́gun. Láti ìgbà náà, ojú tí wọ́n fi ń wo ìjọ yí padà. Ìyẹn kò sọ pé wàhálà tán pátápátá, nítorí pé ní oṣù kẹwàá, ọdún 1867, nínú rúkèrúdò tí a mọ̀ sí Ìfọ́lé, wọ́n tún ba àwọn ilé ìjọsìn jẹ́ ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì lé àwọn òyìnbó jáde. Ìjọ náà kò kú.

Bíṣọ́ọ̀bù agbègbè olómi

Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹfà, ọdún 1864, wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ilé ìjọsìn ńlá Canterbury. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà. Iṣẹ́ Odò Ọya, láti òkè títí dé ẹnu òkun, ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Ẹ wo ọmọ tí wọ́n gbé sínú ọkọ̀ bí ẹrù! Etí odò ni ìjọ rẹ̀ pọ̀ sí: Onítshà, Lọ́kọ́ja, Bonny àti Brass. Inú ọkọ̀ èéfín àti ọkọ̀ àjẹ̀ ni ó ti ń bẹ wọ́n wò.

Ewu kò wọ́n lọ́nà yìí. Ní ọdún 1867, ìjòyè kan tí ó ń jẹ́ Abokko dá bíṣọ́ọ̀bù náà àti ọmọ rẹ̀ Dandeson dúró ní agbègbè Ìdàh, ó sì béèrè fún £1,000 kí ó tó lè tú wọn sílẹ̀. Fell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó wá gbà wọ́n, ni ọfà bà nígbà tí wọ́n ń sá lọ sínú ọkọ̀, ó sì kú. Crowther bọ́, ṣùgbọ́n kò gbàgbé pé ẹlòmíràn ni ó kú nítorí òun.

Joshua Hart, ẹrú Bonny

Ó yẹ kí a dúró pẹ́ díẹ̀ ní Bonny. Ìlú tí omi yí ká ni, ní etí òkun kan náà tí Ìlàjẹ wà, bí ènìyàn bá kọrí sí ìlà-oòrùn kọjá ẹnu odò Ọya. Ọba William Pepple ni ó fi ìwé pe àwọn ajíhìnrere ní ọdún 1864. Lábẹ́ ọmọ rẹ̀, Ọba George Pepple, ni wọ́n fòfin de bíbọ awọ́nrínwọ́n, tí í ṣe òrìṣà ìlú, ní ọdún 1867. Lójú ẹni tí ó ń wo ìta nìkan, iṣẹ́ ti parí. Kò parí rárá.

Agbo-ilé àwọn ìjòyè olówò ni Bonny pín sí. Olúkúlùkù wọn ní ọkọ̀ ogun tirẹ̀ àti ẹrú púpọ̀ tí ń wa ọkọ̀ epo fún un. Àwọn ẹrú wọ̀nyí ni wọ́n ya lọ sí ilé ìjọsìn jù lọ. Nígbà tí àwọn ìjòyè rí i pé ẹrú ń péjọ, pé ẹrú ń kàwé, pé ẹrú kì í fẹ́ ṣòwò ní ọjọ́ ìsinmi, ẹ̀rù bà wọ́n pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹrú kò ní í gbọ́ràn mọ́. Láti nǹkan bí ọdún 1874, wọ́n ká wọn lọ́wọ́ kò láti lọ sí ilé ìjọsìn. Àwọn onígbàgbọ́ náà ń gbàdúrà ní ìkọ̀kọ̀ nínú igbó. Wọ́n de àwọn kan ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, wọ́n sì fi ebi pa wọ́n.

Láàrin wọn ni ẹrú kan wà tí ìjọ sọ ọ́ ní Joshua, tí ó ń jẹ́ Hart gẹ́gẹ́ bí orúkọ agbo-ilé olówó rẹ̀. Ní ọdún 1875, wọ́n gbé oúnjẹ tí a fi bọ òrìṣà ka iwájú rẹ̀ pé kí ó jẹ ẹ́. Ó kọ̀. Kò sọ pé òun kò ní í sin olówó òun mọ́. Ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kò sí iṣẹ́ tí ó wúwo jù fún òun láti ṣe fún un, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo yìí ni òun kò lè ṣe. Wọ́n fi ìyà jẹ ẹ́, kò yí padà. Níkẹyìn, wọ́n dì í tọwọ́-tẹsẹ̀, wọ́n fi ọkọ̀ gbé e lọ sí àárín odò, wọ́n sì jù ú sómi. Nígbà tí ó rú jáde, wọ́n lù ú padà sísàlẹ̀ títí ó fi kú.

Ẹ jẹ́ kí àwa ará Ìlàjẹ fi ojú inú wo ọkọ̀ náà. A mọ bí ọkọ̀ ti máa ń mì nígbà tí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ bá ń jà. A mọ ìró tí àjẹ̀ ń dún. Àwọn tí ó wa ọkọ̀ náà lè jẹ́ ẹni tí ó ti bá Joshua jẹun rí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀ sí ti Carthage àti Smyrna. Ní ayé Decius, díẹ̀ nínú ẹran ẹbọ tàbí ẹ̀kúnwọ́ tùràrí ni wọ́n ń béèrè. Ní Bonny, òkèlè oúnjẹ ni. Kékeré ni ohun tí wọ́n ń béèrè máa ń jẹ́ ní gbogbo ìgbà, kí ó lè rọrùn láti fi í sílẹ̀. Ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà nídìí kékeré náà nìkan ni ó ń lè kọ̀ ọ́.

Ìròyìn ikú Joshua tàn dé ìlú òyìnbó. Inúnibíni náà kò sì dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Ó tó ọdún mélòó kan kí ó tó rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rọlẹ̀ tán, ìjọ Bonny pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn òpó iṣẹ́ Crowther.

Ìdánwò láti inú ilé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani. Ìdánwò kẹta wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ń pe Crowther ní arákùnrin. Ní nǹkan bí ọdún 1889 àti 1890, àwọn òyìnbó ajíhìnrere kan tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́ dé sí Odò Ọya. Wọ́n ní ìtara, ṣùgbọ́n wọn kò ní sùúrù. Wọ́n fi ẹ̀sùn ìwà àìtọ́ àti òwò ṣíṣe kan ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú. Òtítọ́ ni pé àwọn kan ti ṣẹ̀ lóòótọ́, Crowther fúnra rẹ̀ kò sì sọ pé kò sí ẹlẹ́ṣẹ̀ láàrin wọn. Ohun tí ó dun bàbá arúgbó náà ni pé wọ́n da aláìṣẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀, àti pé ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ní Onítshà ní oṣù kẹjọ, ọdún 1890, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀ bí ẹni pé kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù. Ó kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀.

A kò gbọdọ̀ fi èyí wé ikú Joshua. Wọn kò na Crowther, wọn kò sì jù ú sómi. Ṣùgbọ́n ìdúróṣinṣin ni a ń wò, ìdánwò rẹ̀ sì pọ̀ ní oríṣiríṣi. Ẹni tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, tí ó ti fi ayé rẹ̀ sin ẹgbẹ́ kan, lè tìtorí ìtìjú dá ìgbàgbọ́ náà nù pẹ̀lú ẹgbẹ́. Crowther kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó ń ṣètò bí ìjọ etí òkun yóò ṣe máa gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ láìfi ti owó ẹgbẹ́ náà ṣe, kò sì dẹ́kun láti máa ṣe iṣẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31, oṣù kejìlá, ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 1892, àwọn ìjọ agbègbè Bonny, lábẹ́ ìdarí Dandeson ọmọ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í dá dúró. Ìjọ tí Joshua fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀ fún kò tẹrí ba fún ìwọ̀sí. Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹfà, ọdún 2014, ní Canterbury tí wọ́n ti fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní àádọ́jọ ọdún ṣáájú, Justin Welby tí í ṣe Áṣíbíṣọ́ọ̀bù Canterbury nígbà náà tọrọ ìdáríjì fún ohun tí wọ́n ṣe sí i.

Àgbálọgbábọ̀

Kí ni ìtàn yìí ń kọ́ wa? Ó ń kọ́ wa pé ìdúróṣinṣin kì í ṣe agídí. Joshua Hart gbọ́ràn sí olówó rẹ̀ lẹ́nu nínú ohun gbogbo àfi ọ̀kan. Àwọn onígbàgbọ́ Abẹ́òkúta gbèjà ìlú tí ó nà wọ́n. Crowther bá àwọn tí ó dójú tì í sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí. Ó tún ń kọ́ wa pé kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù ni ó kọ́kọ́ gba ìjọ là. Bíṣọ́ọ̀bù náà, tí òun alára ti jẹ́ ẹrú rí, mọ̀ pé ọwọ́ ẹrú ni òpó ilé náà wà.

Ilẹ̀ Ìlàjẹ náà ní ìpín nínú irú ìtàn yìí. Ní ọdún 1947, àwọn ọmọ Ìlàjẹ kan tí wọ́n jẹ́ onígbàgbọ́ nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù, tí àwọn ènìyàn wọn ń ṣe inúnibíni sí, kó lọ sí etí òkun, wọ́n sì tẹ Ayétòrò dó sórí ẹrẹ̀. Wọ́n fi ohun ìní wọn ṣe àjọni bí ìjọ àkọ́kọ́ ti ṣe ní Jerúsálẹ́mù. Lónìí, òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé nínú ìlú náà. Omi lè gba ilé, ó sì lè gba ara ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ó ti gba ara Joshua. Ṣùgbọ́n kò lè gba ohun tí ẹni náà kọ̀ láti fi sílẹ̀. Ojúṣe àwa tí a ń kọ́ni ní èdè àti ìtàn wa ni láti rí i pé ìgbàgbé náà kò gbà á. Bí ọmọ tí omi dẹ́rù bà ní ọdún 1821 bá lè wa ọkọ̀ ìgbàgbọ́ dé èbúté, kí àwa tí a bí sínú ọkọ̀ má ṣe ju àjẹ̀ sílẹ̀.